Káàdì Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Fi Ránṣẹ́ láti Jámánì

Ojo ni mí. Mo fẹ́ kí ẹ ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ má baà máa retí akin nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, n kì í fọwọ́ tan iná ilé. Igi ni mo fi ń tì í láti òkèèrè, ẹ̀gbọ́n mi yóò sì máa fi mí rẹ́rìn-ín. Èmi yìí kan náà ni gbogbo ilé wa ní Fate, nílùú Ìlọrin, gbójú lé, ní ìparí àwọn ọdún 1990, pé kí n tú kọ̀ǹpútà, kí n ki nǹkan bọ inú rẹ̀, kí n sì fi bá wọn wá ẹ̀gbọ́n mi náà rí.

Àwa méjì péré ni àwọn òbí wa bí. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọdún méjì jù mí lọ, ó sì wà ní Jámánì, ó ń kàwé níbẹ̀. Bàbá wa jẹ́ ọmọ Ọ̀mù-Àrán. Iṣẹ́ tíṣà ni wọ́n ṣe títí wọ́n fi di ọ̀gá ilé-ìwé, wọ́n sì ti fẹ̀yìn tì nígbà náà. Ọjọ́ Àìkú ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń pè wá lórí tẹlifóònù, lẹ́yìn tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ìgbà tó pè kẹ́yìn, Bàbá ni wọ́n gbé e. Màmá ti lọ sílé ní Ọ̀mù-Àrán láti tọ́jú àbúrò wọn tó bímọ, ìpè náà kò sì pẹ́.

Kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ lẹ́yìn náà tí tẹlifóònù wa fi kú. Òjò ọdún náà kò mọ níwọ̀n, omi wọnú wáyà tó wà lábẹ́ ilẹ̀, odindi ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni gbogbo àdúgbò wa kò fi gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe tán, a jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ wàrà lórí iná. Ọjọ́ Àìkú kìíní kọjá, kò dún. Ìkejì kọjá. Bàbá lọ sí ọ́fíìsì tẹlifóònù láti pe nọ́ńbà tí ẹ̀gbọ́n mi fi sílẹ̀ fún wa. Obìnrin kan ló gbé e, ó ní ẹni tí wọ́n ń wá ti kó kúrò, òun kò sì mọ ibi tó wà.

Láti ọjọ́ yẹn ni oúnjẹ kò ti lọ lẹ́nu Màmá mọ́. Kò sẹ́ni tó sọ ohun tó ń bà á lẹ́rù. Nínú ilé wa, a kì í fi ẹnu pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ń rí i bí Màmá ṣe ń kọjá lẹ́nu yàrá ẹ̀gbọ́n mi láìwo ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, mo sì mọ̀ pé ohun tó wà lọ́kàn wọn ló wà lọ́kàn tèmi náà: pé ó ti kú sí ìlú òyìnbó, àti pé ẹnì kan níbì kan ti mọ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí a lè dì mú. Nínú ìpè tó kẹ́yìn yẹn, ó ti sọ fún Bàbá pé òun fi páálí kan rán oníṣòwò ará Ìlọrin kan tó wá ra ọjà ní Jámánì. Káàdì ló wà nínú rẹ̀, módẹ́mù ni wọ́n ń pè é. Bí a bá ti ki í bọ inú kọ̀ǹpútà tí òun fi ránṣẹ́ lọ́dún tó ṣáájú, tí a sì so ó mọ́ wáyà tẹlifóònù, a ó lè máa kọ lẹ́tà sí ara wa. Lẹ́tà tó bá kúrò lọ́dọ̀ òun láàárọ̀ yóò dé ọ̀dọ̀ wa kí oòrùn tó wọ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Èkó ti bá wa gba àdírẹ́sì sílẹ̀ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n oníṣòwò náà dúró sí Èkó, oṣù méjì gbáko ni kò fi wálé. Nígbà tí a gbọ́ pé ó ti dé, ọjọ́ kejì ni mo gba àdúgbò Gàmbàrí lọ.

Mo bá Alájì oníṣòwò náà lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn, níbi tí àwọn ọmọ kéwú ti ń ka wàláà wọn sókè. Wọ́n gbé páálí náà fún mi. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́, mo wá béèrè bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe wà nígbà tí wọ́n rí i.

"Àlàáfíà ni mo fi í sílẹ̀," ni wọ́n wí, "alihamudu lilai."

Ojú wọn kò sí lára mi nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́, àwọn ọmọ kéwú ni wọ́n ń wò. Wọ́n gbàdúrà fún mi, àdúrà náà sì gùn. Wọ́n ní kí Ọlọ́hun fún wa ní sùúrù, kí Ó má fi ìdààmú kàn wá. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ lọ láìjẹun, nígbà tí mo sì ní mo ti yó, wọ́n ní kí wọ́n di ẹran fún mi kí n gbé e lọ fún Màmá.

Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í ju ìròyìn ikú lu ènìyàn. A máa ń wé e ni. A ó ní ara ẹni náà kò yá díẹ̀, tàbí pé ó lọ sílé láti sinmi. A ó máa ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn lóore, a ó máa gbàdúrà sùúrù fún un, títí àwọn àgbà yóò fi rí ọjọ́ tó wọ̀ láti tú u. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń bẹ̀rù ẹni tó bá ṣe mí lóore láìnídìí. Nínú takisí tó gbé mi padà, mo gbé ẹran náà lé itan, ó ń gbóná, mo sì ń sọ fún ara mi pé Alájì yìí mọ nǹkan.

Mo ròyìn fún Bàbá. Wọ́n kàn ní kí n lọ wá ẹni tó mọ káàdì náà í kì. Ẹnì kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ni ọ̀gá tó kọ́ mi ní kọ̀ǹpútà ní àdúgbò Ṣàngó. Oṣù mẹ́fà ni mo fi kọ́ lẹ́tà títẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, ìyẹn ni pé mo mọ bí a ṣe ń tan kọ̀ǹpútà àti bí a ṣe ń pa á. Ọ̀gá mi yọ káàdì náà kúrò nínú ọ̀rá aláwọ̀ fàdákà tí wọ́n fi wé e, wọ́n wò ó síwá sẹ́yìn, wọ́n dá a padà sínú ọ̀rá. Wọ́n ní àwọn kò ki irú rẹ̀ rí, àwọn kò sì ní fi kọ̀ǹpútà onílé kọ́ṣẹ́. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ewu rẹ̀ fún mi. Wọ́n ní iná kan wà lára ènìyàn tí a kì í fojú rí, bí ó bá ta sí káàdì náà, ó parí. Wọ́n ní bí káàdì bá wọ́ nígbà tó ń wọlé, òun àti pátákó ńlá tó wà nínú kọ̀ǹpútà ni yóò jọ kú. Kí n máa fọwọ́ kan irin kí n tó kàn án. Wọ́n yá mi ní tẹ́sítà kan tí n óò fi tú nọ́ọ̀tù rẹ̀, wọ́n ní kí n má jẹ́ kí ọwọ́ mi gbọ̀n.

Ọwọ́ ta ni kò ní gbọ̀n? Káàdì kan ṣoṣo ni. Bí mo bá bà á jẹ́, kò sí ọ̀nà mìíràn tí a lè gbà mọ̀ bóyá ẹ̀gbọ́n mi wà láàyè, àfi kí a jókòó de ọjọ́ tí àwọn àgbà yóò wọlé wá bá wa pẹ̀lú ojú fífà ro.

Ọjọ́bọ̀ ni, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Mo gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì ìjẹun. Bàbá gbàdúrà, wọ́n ní kí Ọlọ́run tó mú àwọn ọmọ Ísírẹ́lì la òkun pupa kọjá mú wa la wáyà yìí kọjá. Màmá jókòó sórí àga tó sún mọ́ mi jù, wọ́n ká ọwọ́ sórí itan. Ẹ̀gbọ́n mi ti fi ìwé kan sínú páálí náà, ó kọ ohun tí n óò ṣe sínú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí: "Ìwọ ojo yìí, kọ́kọ́ fa wáyà iná yọ." Mo fà á yọ.

Mo tú nọ́ọ̀tù mẹ́fà tó wà lẹ́yìn rẹ̀, mo kó wọn sínú àwo, mo fa ìdérí irin náà yọ. Eruku tó wà nínú rẹ̀ tó èyí tí a lè fi gbin ẹ̀fọ́. Lábẹ́ eruku ni wáyà wà, wọ́n lọ́ mọ́ra wọn bí ìfun ẹran, àti pátákó aláwọ̀ ewé tó kún fún nǹkan kéékèèké tí n kò mọ orúkọ wọn. Mo fọwọ́ kan irin fèrèsé, mo mú káàdì. Mo tún padà lọ fọwọ́ kan irin fèrèsé. Nígbà tí mo lọ ní ẹ̀ẹ̀kẹta, Bàbá bi mí bóyá fèrèsé ni mo fẹ́ tún ṣe.

Mo gbé ẹnu káàdì náà lé ojú ihò tó tẹ́ẹ́rẹ́ kan, mo tẹ̀ ẹ́. Kò wọlé. Mo tẹ̀ ẹ́ sí i, mo rí i tí pátákó ńlá abẹ́ rẹ̀ rọ̀ sísàlẹ̀, mo yára ṣíwọ́. Màmá rọra béèrè bóyá ó ti fọ́, mo ní rárá, n kò sì mọ̀ bóyá rárá ni. Ìwé ẹ̀gbọ́n mi ní kí n tẹ̀ ẹ́ láìbẹ̀rù, pé yóò dún. Mo di ojú, mo tẹ̀ ẹ́. Ó dún kà, bí ìgbà tí eegun bá ṣẹ́. Nígbà tí mo la ojú, ó ti jókòó síbẹ̀ dáadáa.

A tan iná. Ojú kọ̀ǹpútà dúdú fún ìgbà pípẹ́, mo sì ń ka iye ìgbà tí mo mí. Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà funfun bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ó ní òun rí ohun tuntun kan nínú ara òun, kí n mú dísíkì rẹ̀ wá. Mo mú dísíkì, ike pẹlẹbẹ tó bá káàdì náà wá nínú páálí, mo ki í bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ó lọ̀ ọ́ kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ títí, ó wá ní òun kò lè kà á. Mo rántí oṣù méjì tí páálí náà fi wà nínú ooru Èkó lábẹ́ ẹrù oníṣòwò. Mo yọ dísíkì náà, mo fẹ́ atẹ́gùn sí i, mo nù ún mọ́ aṣọ, mo dá a padà. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, ó kà á.

A kò tíì yọ̀ tán tí máòsì fi kú. Ọfà kékeré tó máa ń rìn lójú kọ̀ǹpútà kàn dúró gbagidi sí àárín, bí mo ṣe fa máòsì tó, kò mira. Mo rò pé ohun tí ọ̀gá mi sọ ti ṣẹlẹ̀, pé pátákó ti jóná. Màmá ló rí i pé ìwé ọwọ́ mi ní ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi kọ ọ́ sí pé bí máòsì bá kú, kí n má sunkún, pé òun àti módẹ́mù ló ń jìjàdù ẹnu ọ̀nà kan náà. Ike dúdú kékeré kan wà lára káàdì, kí n fà á yọ, kí n fi bọ ìdí abẹ́rẹ́ méjì tó kẹ́yìn, módẹ́mù yóò sì máa gba ẹnu ọ̀nà mìíràn.

Ike náà kò tó hóró ìrẹsì. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo fà á yọ, ó bọ́ lọ́wọ́ mi, ó já sínú kọ̀ǹpútà. Ẹ wo ọwọ́ tí wọ́n ní kó má gbọ̀n! Mo fi iná tọ́ọ̀ṣì wá a títí, n kò rí i. Màmá ní kí n sún sẹ́yìn. Obìnrin tó ti fi ọgbọ̀n ọdún ṣa òkúta inú ẹ̀wà kò fi ojú tirẹ̀ ṣeré. Wọ́n tẹ orí ba, wọ́n wò ó fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì fi ìka méjì mú un jáde láàárín wáyà.

Mo fi bọ ìdí abẹ́rẹ́ náà, mo tan kọ̀ǹpútà padà, máòsì jí. Ó wá ku kí a pe Èkó. Mo so wáyà tẹlifóònù mọ́ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, mo tẹ nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ náà, módẹ́mù bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin fíì-fíì-fíì bó ṣe ń pè é. Nígbà tó kọrin tán, hùn-ùn-ùn tẹlifóònù kàn ń bá a lọ bí ẹni pé kò gbọ́. Mo tún un pè. Bákan náà. Lẹ́ẹ̀mẹ́rin ni mo pè é. Ojú sánmọ̀ ti ń ṣú lápá ìlà-oòrùn, Bàbá sì ti ń wo fèrèsé. Kò tíì pé oṣù kan tí ààrá gba inú wáyà wọ ilé kejì sí tiwa, tó jó tẹlifíṣọ̀n wọn. Láti ìgbà náà, bí àrá bá ti ń sán, Bàbá a fa gbogbo wáyà ilé yọ.

Ìbẹ̀rù ló rán mi létí ohun tí mo ti gbàgbé. Bàbá a máa fi àgádágodo ti ojú tẹlifóònù wa, èyí tí a ń fi ìka yí, kí àwa ọmọ má baà máa pe ìpèkúpè. Ẹ̀gbọ́n mi ló wádìí rẹ̀ pé bí a bá ń fi ìka kan bọ́tìnnì tí a ń gbé etí rẹ̀ lé, lẹ́ẹ̀mẹ́ta fún ẹẹ́ta, lẹ́ẹ̀márùn-ún fún aárùn-ún, ìpè a lọ bí ẹni pé kò sí àgádágodo níbẹ̀. Ọdún mẹ́ta la fi ṣe bẹ́ẹ̀. Kíkàn ni tẹlifóònù wa gbọ́, kò mọ orin. Módẹ́mù sì ń kọrin fún un.

Kí n tó lè yí i padà, mo ní láti sọ fún Bàbá bí mo ṣe mọ̀. Mo sọ ọ́, mo ń wo ilẹ̀.

"Mo mọ̀ látijọ́," ni Bàbá wí. "Ṣe é lọ."

Mo wá ibi tí wọ́n ti ń yan bí módẹ́mù yóò ṣe máa pè, mo mú un kúrò lórí orin, mo fi sí kíkàn. Mo tún pè. Ó ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́, ó dúró, ó tún kàn. Lẹ́yìn náà ni ariwo kan là, ariwo tó ń hó tó sì ń ké bí irin tí wọ́n ń fi ayùn gé, Màmá sì dìde dúró. Lójijì, gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Mo rò pé ó ti já. Ojú kọ̀ǹpútà ní a ti wọlé.

Lẹ́tà mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀. Ẹ̀rù ba ìka mi láti ṣí wọn. Mo kọ́kọ́ wo orúkọ ẹni tó kọ wọ́n, òun ni, òun ni ó kọ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Mo wo ọjọ́ tó wà lára èyí tó kẹ́yìn, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni. Mo ní, "Màmá, ó wà láàyè. Ìjẹta yìí ló kọ̀wé." Màmá kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ń dúpẹ́, wọn kò sì lè sọ ju orúkọ Jésù lọ. Bàbá bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n ń nù ún, wọ́n ń nù ún.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Lẹ́tà kìíní kún fún ayọ̀, ó ní kí a tètè fèsì. Ìkejì ní kí ló dé, ó yẹ kí oníṣòwò náà ti dé Ìlọrin. Ìkẹta ní òun pe tẹlifóònù títí, kò dún rárá. Nínú ìkẹrin ni ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ó ní Bàbá sọ fún òun pé Màmá lọ sílé. Ó ní irú ọ̀rọ̀ yẹn náà ni wọ́n sọ fún òun nípa Bàbá àgbà.

Òtítọ́ ni. Nígbà tí bàbá tó bí Bàbá kú, ìdánwò ni ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe, a sì fi bò ó. Oṣù mẹ́jọ la fi ń sọ fún un pé Bàbá àgbà lọ sílé láti sinmi. Èmi náà, ẹnu mi yìí ni mo fi sọ fún un lórí tẹlifóònù pé wọ́n kí i.

Nínú ìkeje, ó ní òun ti mọ̀, kí a má fi bo òun mọ́. Nínú ìkẹjọ, ó ní òun ti kó kúrò nílé òun, òun kò sì pè wá mọ́ nítorí pé ẹ̀rù ẹni tí yóò gbé e àti ohun tí yóò sọ ń ba òun. Lẹ́tà kẹsàn-án kò gùn. Ó ní òun ti fi ìdánwò àṣekágbá sílẹ̀, òun sì ti gba ìwé ọkọ̀ òfuurufú ti àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ó ní ìwé ìgbélùú òun ti parí, bí òun bá jáde, wọn kò ní jẹ́ kí òun wọlé mọ́, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Kí a ṣáà jọ̀wọ́ dúró de òun kí a tó sin Màmá, bí a kò bá tíì sin wọ́n.

Màmá ṣì wà lórí eékún níbi tí wọ́n ti ń dúpẹ́. Wọ́n wo Bàbá.

"Èmi ni ó fẹ́ wá sin?"

Bàbá ní, "Mo ní o lọ sílé. O lọ sílé lóòótọ́." Wọ́n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ọjọ́bọ̀ ni, ilẹ̀ sì ti ń lọ. Ó ku ọjọ́ Ẹtì nìkan. Bí lẹ́tà wa kò bá bá a kó tó wọ bàálù, ọdún mẹ́fà tó fi kàwé ti wọmi nìyẹn. Àrá sán lẹ́yìn ilé, Bàbá lọ dúró ti ibi tí wáyà tẹlifóònù ti wọ ògiri, wọ́n di í mú. Wọ́n ní kí n yára. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà, bí mo bá tẹ mẹ́ta, méjì á ṣì. Mo kọ ọ́ pé Màmá kò kú, pé wọ́n wà, ara wọn le, wọ́n jókòó tì mí. Mo kọ ọ́ pé káàdì ni kò tètè dé, pé tẹlifóònù bàjẹ́. Mo kọ ọ́ pé kó má wá, kó jókòó ṣe ìdánwò rẹ̀.

Màmá ti dìde, wọ́n dúró lẹ́yìn mi. Wọ́n ní, "Sọ fún un pé ṣòkòtò búlúù tó fi ń gbá bọ́ọ̀lù, tí mo ní mo ti sọ nù, tí kò fi bá mi sọ̀rọ̀ fún odindi ọjọ́ mẹ́ta, n kò sọ ọ́ nù. Òun ni mo fi ń gbé ìkòkò gbígbóná sọ̀kalẹ̀."

Àrá tún sán, ó sún mọ́ tòsí ju ti àkọ́kọ́ lọ. Gbogbo ilé mì. Mo rò ó pé ẹni tó fẹ́ sọ ayé rẹ̀ nù, ṣé ọ̀rọ̀ ṣòkòtò ni a ó fi ránṣẹ́ sí i? Mo rò ó pé bí mo bá fi ìṣẹ́jú méjì tẹ ìyẹn, ààrá lè gba inú wáyà wọlé kó sì jó gbogbo rẹ̀. Màmá bi mí bóyá mo ti kọ ọ́. Mo ní, "Mo ti kọ ọ́, mà." Mo tẹ ibi tí a fi ń rán an. Ó yí, ó yí, ó ní ó ti lọ. Bàbá fa wáyà yọ lára ògiri. Ìgbà náà ni òjò dé.

Lọ́jọ́ Ẹtì, a pè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò sí lẹ́tà kankan. A sọ fún ara wa pé ó ti rí i, pé ìdánwò ló ń múra sílẹ̀ fún. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, a pè, kò sí. Màmá ní ara òun ti balẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbá ilẹ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ọjọ́ Àìkú, a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Màmá sì ti wọ ilé ìdáná. Takisí kan dúró lẹ́nu géètì. Mo rí i tí ẹ̀gbọ́n mi sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú báàgì kan ṣoṣo. Ó ti fá orí rẹ̀ kodoro, aṣọ dúdú ló wọ̀. Màmá gbọ́ ariwo géètì, wọ́n jáde pẹ̀lú ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi rí wọn, ó fi ẹ̀yìn rìn. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀: kò sáré lọ bá ìyá rẹ̀, ó sá sẹ́yìn fún un ni, títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan takisí. Màmá ni wọ́n rìn lọ bá a, wọ́n fi ọwọ́ wọn tó ní epo gbá ojú rẹ̀ mú. Ó wó lulẹ̀ lẹ́sẹ̀ wọn. Onítakisí náà kò lè lọ, ó dúró, ó ń wò wá.

Ó ti jẹun kí Bàbá tó béèrè bóyá kò rí lẹ́tà wa.

"Mo rí i lọ́jọ́ Ẹtì, sà," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Mo kà á tó ìgbà mẹ́wàá. Màmá wà, ara wọn le, má wá. Bí a ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn. Mo wá ohun kan nínú rẹ̀ tó lè jẹ́ pé Màmá fúnra wọn ló sọ ọ́, n kò rí i."

Màmá ní, "Ọ̀rọ̀ ṣòkòtò yẹn ńkọ́?"

"Ṣòkòtò wo, mà?"

Gbogbo wọn wò mí. Mo ní mo kọ ọ́. Mo ní ìparí lẹ́tà náà ló wà, ààrá ló gé e kù.

Bàbá mi orí. Wọ́n ní, "Ẹ̀bi mi ni. Èmi ni mo tètè fa wáyà yọ."

Ẹ̀gbọ́n mi kò rí Jámánì mọ́. Lẹ́ẹ̀mejì ló gbìyànjú, wọn kò fún un níwèé. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò báyìí, ó sì ń ṣe é dáadáa, kò sì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Bàbá ni wọ́n dá ara wọn lẹ́bi. Ní ọdún tí wọ́n kú, wọ́n tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ lọ́jọ́ kan tí mo gbé oúnjẹ wá fún wọn, wọ́n ní bí àwọn bá ti fi wáyà náà sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan péré sí i ni, bóyá ọmọ náà ì bá ti gbà gbọ́. Mo ń kó àwo kúrò níwájú wọn nígbà náà. N kò sọ nǹkankan.